Ta Ni Yóò Gba Ẹgba Ẹṣin?

Ẹ gbé agbè ẹmu yẹn sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́, torí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí èmi bá ń sọ̀rọ̀, n ó sọ ọ́ sínú ìtàn yìí, ibi tó burú jù níbẹ̀ ni n ó sì jù ú sí. Ẹ ní kí n sọ ọ̀kan nínú ìrìn mi fún yín. Ọ̀pọ̀ ni mo ti sọ tí ẹ fi rẹ́rìn-ín, tí ẹ ń gbá ara yín lẹ́yìn. Ti òní kì í ṣe ti ẹ̀rín. Bí oòrùn ọ̀sán yìí bá ń pa ẹnikẹ́ni nínú yín, kó sún wá sábẹ́ igi ayùnrẹ́ níbí, kó jókòó dáadáa, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀.

Èmi ni Ọdẹ́níran, ará Òkè-Ẹdu. Ẹfọ̀n tí mo ti pa, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ẹni mẹ́ta ò tó o kà. Ẹkùn ti fi imú kan imú mi rí, òun ló kọ́kọ́ yàgò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran pípa ló sọ mí di gbajúmọ̀ nílùú wa, ẹṣin ni. Ẹṣin tí apá ẹnikẹ́ni ò bá ká, èmi ni wọ́n ń fà á wá bá. N ó so ó mọ́ igi nínú oòrùn gangan fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò ní fún un lómi. Ní ọjọ́ kẹrin n ó wá fi kòbókò kí i káàárọ̀. N ó nà án títí ara rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n bí mo bá wúkọ́ lásán. Ìgbà yẹn ni n ó tó sọ fún ẹni tó ni ín pé, "Máa mú un lọ, ó ti gbọ́n." Ẹ̀rù ni mo ń pè ní ọgbọ́n nígbà yẹn. Lánipẹ̀kun, ìwọ tí o ra ẹṣin lọ́dún tó kọjá, má wo ilẹ̀, èmi náà ṣe é jù ọ́ lọ.

Mo ní àbúrò kan, Ìgè ni. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú jáde nínú ìyá wa, ìyá wa sì bá ìrora yẹn lọ. Ògì ni mo fi tọ́ ọmọ náà dàgbà, ẹ̀yìn mi yìí ló sì sùn títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Nígbà tó dàgbà, òun ló ń tọ́jú ẹṣin ọba. Ìgè ò mọ ẹgba í gbé. Yóò máa bá ẹṣin sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò máa fọwọ́ ra á lọ́rùn, èmi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ló yẹ kí wọ́n bí i. Ó di ọjọ́ kan, àlejò kan dé bá ọba, ọba sì fẹ́ fi ẹṣin rẹ̀ yangàn. Ó gùn ún láti ìlú wa dé odò Òyìngbín, ó tún gùn ún padà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò fún un lómi lójú ọ̀nà. Ẹṣin náà dé iwájú ààfin, ó ṣubú, ó kú. Ọba kì í jẹ̀bi nílùú wa, ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀ràn náà jù ló ń jẹ̀bi. Wọ́n ní Ìgè ni kò fún un lóúnjẹ yó.

Wọ́n so àbúrò mi mọ́ ibùso, níbi tí ẹṣin tó kú ti ń dúró. Wọ́n fi ìjánu sí i lẹ́nu. Wọ́n da koríko síwájú rẹ̀. Ọba ránṣẹ́ pè mí, ó mú mi débẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdẹ́níran, mo gbọ́ pé ẹṣin pupa kan wà ní Igbó Ẹgbàá-Pátákò tí ẹnikẹ́ni ò tíì gùn rí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fún ọ. Bí o bá mú un dé, gba àbúrò rẹ. Bí o kò bá mú un dé, n ó bó awọ ẹ̀yìn rẹ̀, n ó fi ṣe gàárì." Mo wo Ìgè. Kò lè sọ̀rọ̀, itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí sí mi pé kí n lọ. Mo gbé ìbọn mi, mo so kòbókò mọ́ ìdí, mo sì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ìyá, ẹ mọ bí ọkàn mi ti rí.

N kò ní sọ bí mo ṣe dáná tàbí ohun tí mo jẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ìdí ààrò. Ní ọjọ́ kẹta mo wọ Igbó Ẹgbàá-Pátákò, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń fi ọwọ́ àti orúnkún rìn bọ̀ wá. Gàárì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran ara rẹ̀ ti hù bo etí gàárì náà. Ìjímèrè kan jókòó lé gàárì náà, ó mú pàṣán lọ́wọ́, ó ń wò mí bí onígbèsè ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ yá lówó.

Mo kí ọkùnrin náà, mo ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Ó ní, "Ìrìn kọ́, ẹrù ni."

Mo ní, "Ta ló dì yín ní gàárì?"

Ó ní, "Ọwọ́ mi ni."

Mo ní, "Kí ni ẹ wá ṣe níbí?"

Ó ní, "Ohun tí ìwọ náà wá ṣe. Ẹṣin ni mo wá mú, kòbókò ni mo sì mú dání wá." Ìjímèrè nà án ní pàṣán kan, kò ké, ó kàn gbé orúnkún rẹ̀ síwájú. Ó ní, "Gbọ́, ọdẹ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àwọn ẹṣin náà, ohun tó bá bi ọ́ ni kí o dáhùn. Má dáhùn ohun tí o fẹ́ kó bi ọ́. Èmi dáhùn ohun tó wù mí."

Kí n tó bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ìjímèrè yẹn ti ju okùn sí mi lọ́rùn. Mo rí gàárì kejì lórí igi lẹ́yìn rẹ̀, tuntun ni, ó sì ṣe déédéé ẹ̀yìn mi. Mo fi ọ̀bẹ mi gé okùn náà já, mo ju kòbókò ìdí mi sí ẹranko náà lójú, mo sá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdẹ tí kò bá mọ sísá, opó rẹ̀ ni yóò máa sọ ìtàn rẹ̀. Bí mo ṣe ń sá ni mo ń gbọ́ tí ìjímèrè ń fi kòbókò mi dánra wò lára ọkùnrin yẹn, mo sì mọ ìró kòbókò mi dájú. Mi ò padà.

Igbó náà ṣí sílẹ̀ sí pápá kan, àwọn ẹṣin sì kún ibẹ̀ lọ súà, kò sí okùn lọ́rùn ọ̀kan nínú wọn. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí òkúta ní àárín wọn. Ara ènìyàn ni ara rẹ̀, pátákò ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Agbẹgbafẹ́ṣin ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì jẹ́ kí n mọ ìdí orúkọ náà. Kò sí ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ní ẹ̀yìn yẹn tí kò sí ojú ẹgba. Èyí tó ti jinná ń bẹ, èyí tó ń rà ń bẹ. Bí a ti ń wo ara wa báyìí ni ẹgba tuntun là á ní èjìká, ẹ̀jẹ̀ sun jáde, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó nà án. Ó ní, "Ẹnìkan ń gun ẹṣin lọ sọ́jà níbi kan." Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n wá wo ẹ̀yìn òun, ó sì fi àtàǹpàkò tọ́ka sí apá ìsàlẹ̀. "Láti ibí dé ibí, tìrẹ ni, Ọdẹ́níran. Mo mọ ọwọ́ rẹ. O máa ń fa ẹgba padà bí ó bá ti balẹ̀, kó lè ya awọ." Òótọ́ ni. Èmi ni mo dá ọgbọ́n ìyẹn, mo sì ti fi ṣe fáàrí níwájú àwọn èèyàn rí.

Ó ní kí a tó sọ ọ̀rọ̀ ẹṣin, kí n tọ́jú ohun tó jẹ́ tèmi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi òrí pa ojú ẹgba yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo bá fọwọ́ kàn, èmi ni yóò ta, kì í ṣe òun. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé mo le, mo ké bí ọmọ tí wọ́n ń dábẹ́ fún. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ohun tí mo wá ṣe, mo ro ẹjọ́ Ìgè fún un látòkèdélẹ̀.

Ó ní, "Mi ò ta ẹṣin, mi ò sì fi ń tọrẹ. Èyí tó bá tẹ̀lé ọ fúnra rẹ̀, kò sí okùn, kò sí ẹgba, ìyẹn ni tìrẹ. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ẹṣin tó bá kúrò níbí, èmi ni mo ń bá a gba ẹgba rẹ̀. Ti ẹṣin pupa yìí, mi ò gbà á. Ẹgba kì í balẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, ara kan ní láti gbà á. Ta ni o torí rẹ̀ wá?"

Mo ní, "Ìgè, ọmọ ìyá mi."

Ó ní, "Ìgè ni yóò máa gbà á. Irin tó bá ya ẹṣin náà lẹ́nu, Ìgè ni. Ẹgba tó bá bà á, Ìgè ni. Títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kú. Ṣé o gbà?"

Mo ní, "Bàbá, bí èmi ò bá nà án, ṣé nǹkan kan yóò ṣe àbúrò mi?"

Ó ní, "Ọwọ́ mélòó ló wà láyé?"

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò wọ́n, bàbá. Méjèèjì yìí ò ní gbé ẹgba mọ́ títí ayé." Ó tún bi mí, "Mo ní, ọwọ́ mélòó ló wà láyé?" Mo tún gbé e síwájú rẹ̀, mo tilẹ̀ fi búra. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dára, ó sì tutọ́ sílẹ̀ láàárín wa, àdéhùn ti dì nìyẹn. Ọkùnrin onígàárì ti kìlọ̀ fún mi o, ẹ̀yin èèyàn. Ó bi mí ní ti ayé, mo ń ka ti ara mi.

Ó na ọwọ́ sí ẹṣin pupa náà, ó wà lókèèrè, ó ń jẹko. Ó pọ́n bí epo tuntun, ìrù rẹ̀ ń wọ́ ilẹ̀. Àgbà náà ní, "Jókòó. Gbé ìbọn rẹ lé itan, kó máa wò ó, kó mọ̀ pé ohun tí kò ní ṣe òun ní nǹkan ni. Má lé e, má pè é. Tó bá ti yí etí sí ọ, etí lásán o, yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́, kò ní mọ ohun tí òun ṣe." Mo jókòó láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Ẹṣin yìí jẹko lọ, ó jẹko bọ̀. Nígbà tó ṣe, ó yí etí òsì sí mi. Ọdẹ ni mí, etí ọdẹ ni mo sì ní. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, bí wọ́n bá ti sọ fún mi pé kí n yìn ín, ìbọn ni. Mo sì rò ó pé bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹṣin kó má bẹ̀rù ogun nìyẹn. Mo gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀, mo yìn ín. Ó dún gbòlà. Ọta ìbọn ṣakabùlà kì í lọ síbi kan, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ba ẹṣin náà ní ṣóńṣó etí òsì, ó sì sá lọ bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí.

Agbẹgbafẹ́ṣin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí o yìn ín."

Mo ní, "Mo ti yìn ín, bàbá. Ṣé ẹ ò gbọ́ ìró rẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ọdẹ, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ṣé ìbọn nìkan lo yìn rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju òrí tí mo fi pa ojú ẹgba lọ. Mo ronú títí. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo yin ẹṣin. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo yin ìyàwó mi. Ìgè gbé òkété àkọ́kọ́ tó fi pàkúté mú wá bá mi nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ohun tí mo sọ fún un ni pé ó kéré. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tó ṣì ń rú èéfín, ojú ń tì mí. Arúgbó yẹn na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé wa, ó ní, "Etí àbúrò rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀." Mo gbàgbọ́, síbẹ̀ mi ò gbàgbọ́ tán.

Mo lọ gbé ìbọn pamọ́ sínú ihò igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé. Ó ní, "Ẹ̀yin a máa na ẹṣin nígbà tó bá ṣe é tì. Nígbà tó bá wá ṣe é re, ta ló ń sọ fún un?" Èmi ti kọ́ ẹṣin tó ogójì, mi ò sọ fún ọ̀kan rí. Ó ní bí ó bá ṣe ohun tí mi ò fẹ́, kí n ṣe bí ẹni pé mi ò rí i. Bí ó bá ṣe ohun tí mo fẹ́, bó ti wù kó kéré tó, kí n yìn ín, kí n sì fún un ní ègé ìrèké kan. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Mo ti ń pa òwe yẹn fún àwọn tọkọtaya tó ń jà, mi ò mọ̀ pé ó kan ẹran. Lọ́jọ́ kejì, ẹṣin tún wá, ó dúró lókèèrè, kò sí àpá ọta kankan létí rẹ̀. Ó wò mí. Ohùn mi gan-an ni kò mọ ọ̀nà. Mo ní, "O ṣeun, ìwọ ẹran yìí." Arúgbó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń yìn nílé wa nìyẹn. Mo tún un ṣe: "Abìrù-gẹ̀rẹ̀, o ṣe é re." Mo ju ìrèké sí i. Ó jẹ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí mi. Mo ní, "Abìrù-gẹ̀rẹ̀, arìn-gbẹ̀rẹ́-bí-ìyàwó-tuntun, o ṣe é re." Ó gbé èkejì.

Ọjọ́ méje ni mo fi ṣe é. Ọjọ́ kẹrin, ó gba ìrèké lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ karùn-ún, mo dá iná sí àárín èmi pẹ̀lú rẹ̀, mo pè é, ó bẹ́ gba orí iná kọjá wá bá mi. Ọjọ́ kẹfà, àgbà náà pariwo, ó sọ̀kò, ó fa ẹkùn kan wá láti inú igbó, mo ṣá pè é, ẹṣin náà sì kọjá níwájú ẹkùn, ó wá bá mi. Ọjọ́ keje, mo dìde, mo ń rìn lọ láìwẹ̀yìn, mo sì gbọ́ èémí gbígbóná lọ́rùn mi. Ó ń tẹ̀lé mi. Mo sunkún. Ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, èmi Ọdẹ́níran sunkún nítorí ẹṣin. Inú mi dùn, mo rò ó pé mo ti gba Ìgè sílẹ̀ nìyẹn, mo sì rò ó pé tí mo bá dé ilé, n ó yin òun náà. Bí mo ti ń dágbére, arúgbó yẹn ní, "O ti kọ́ ọ ní wíwá. Kò sí ohun tí yóò dí i lọ́wọ́ àti wá bá ọ. Ìyókù kù." Mo bi í pé kí ló kù. Ó ní ọjọ́ mi ti ń pé, kí n máa lọ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́ kejì tí mo wà lójú ọ̀nà ni orí mi tó là. Mo bu omi mu nínú odò kan, mo rí ọwọ́ mi nínú omi, mo sì ṣàdédé gbọ́ ìbéèrè yẹn bí ẹni pé ìgbà náà ni wọ́n ń bi mí. Ọwọ́ mélòó ló wà láyé? Ta ni mo ń mú ẹṣin lọ fún? Bí mo bá padà sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún yóò pé, wọ́n yóò bó awọ Ìgè. Bí mo bá tẹ̀síwájú, ọwọ́ ọba ni. Mo sọ fún ara mi pé n ó bẹ̀ ẹ́. Ọba náà ní ìyá tó bí i.

Mo wọ ìlú ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ẹṣin ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn láìlókùn, gbogbo ayé ń yàgò. Ibùso ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìgè ti rù, egungun rẹ̀ ṣeé kà. Ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ ti gé, ibi tí ọta ti ba ẹṣin gan-an, kò yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Nígbà tí wọ́n yọ ìjánu lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu. Mo rò pé eku ló jẹ mí létí." Mo tẹ̀ sí i létí tó kù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo ẹṣin náà, ó fọwọ́ ra á lọ́rùn, ó ní, "Ẹran rere ni. Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, kí ọba tó gùn ún." Ṣùgbọ́n ọba ti jáde.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹṣin yìí ò mọ ẹgba. Bí ẹ bá yìn ín, tí ẹ fún un ní ìrèké, ibi tó bá wù yín ni yóò gbé yín dé."

Ọba wo àwọn ìjòyè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi? Kí n yin ẹran? Ọba ni wọ́n ń yìn, Ọdẹ́níran. Ẹnu ọba ò yin ohun tó ń gùn." Ó ní kí wọ́n di gàárì, kí wọ́n fi ìjánu sí i, kí wọ́n mú bílálà òun wá. Ó ní Ìgè ti di òmìnira, ṣùgbọ́n kó dúró wò ó, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹṣin. Mo gbé Ìgè jókòó ti ògiri ààfin, èmi ti dé abẹ́ igi ọ̀dán ní òdìkejì pápá, mo ń wá ọ̀nà tí a ó gbà sá lọ, nígbà tí ọba gun ẹṣin náà.

Ẹṣin dúró. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ rere. Ọba nà án lẹ́ẹ̀kan. Ìgè ṣubú lórí orúnkún rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, aṣọ rẹ̀ sì ya lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ yọ. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ sá fún un, wọ́n rò pé àrùn ni. Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún ọba. Mo ti rí ẹ̀rín tó rín nígbà tí ìjánu wà lẹ́nu àbúrò mi. Bí ó bá gbọ́ pé lílu ẹṣin yìí ń lu Ìgè, a jẹ́ pé mo fún un ní ohun ìṣeré ni. Ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kejì, orí mi gbóná, mo sì rò ó pé bí ẹṣin náà bá wá bá mi, ọba yóò sọ̀ kalẹ̀. Mo na ọwọ́ mi. Mo ní, "Abìrù-gẹ̀rẹ̀, máa bọ̀."

Ó yí padà, ó ń bọ̀. Ọba fa ìjánu kó lè dá a dúró, ẹnu Ìgè ya dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹṣin ń bọ̀. Ojú ti ọba pé ẹran ń gbọ́ ti ọdẹ lójú gbogbo ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án ní àjẹkún, ẹsẹ̀ kan ẹgba kan. Ìgè ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, mo kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin náà, mo sá yípo igi. Ó tẹ̀lé mi. Mo ké pé, "Dúró!" Kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méje ni mo fi kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní dúró. Mo kọ́ ọ kó gba inú iná wá, mo kọ́ ọ kó kọjá níwájú ẹkùn wá, ẹgba wo ni yóò wá dá a dúró? Ìgè gbé orí sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún un kó dúró." Ó rò pé mo lè ṣe é. Láti kékeré ló ti rò pé kò sí ohun tí mi ò lè ṣe. Mo ka ẹgba yẹn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ní ìkọkànlélógún, Ìgè ò yí mọ́. Mẹ́fà tó kù ya ẹ̀yìn ẹṣin fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò sí ẹlòmíì tó ń gbà á.

Ọba sọ̀ kalẹ̀, ó nu òógùn ojú rẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe é, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó jẹ ọdún mọ́kànlá sí i lórí oyè, orí ẹní ló sì kú sí. Ó bojú wo gbogbo èèyàn, ó fi bílálà tọ́ka sí ẹṣin, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Kò fẹ́ rìn tẹ́lẹ̀. Ẹgba ló mú un rìn." Àwọn ìjòyè ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹṣin náà dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé imú sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń dúró. Mo rí òkú ọmọ ìyá mi lókè èjìká rẹ̀. Mo ní ọ̀bẹ lọ́wọ́, mo sì ní ìrèké nínú àpò. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Mo bó ìrèké, mo fún un, mo sì sọ fún un pé ó ṣe é re.